Bátìrì Tó Já Lu Páànù ní Abúlé Adó

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kì í kọ ohun tí ojú mi kò bá rí. Èyí, ojú mi rí i.

Lois, ọmọ ilé kejì sí tèmi ní Festac, ń kàwé gboyè ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀rọ òfúrufú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan tí kì í gbé èèyàn. Ìyẹ́ apá rẹ̀ gùn tó èèyàn tó nà gbalaja. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pátá ló kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí. Inú ọkọ̀ náà ni ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè wà. Kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo bá a gbé e lọ sí pápá. Bó ti ń múra ni ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ń dáhùn, ó ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́. Ó gbàgbé láti fi okùn de bátìrì.

Ọkọ̀ náà gbéra. Ó kọjá kánààlì. Ọyẹ́ gbé e mì. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Fóònù Lois dún. Obìnrin kan ń pariwo débi pé èmi náà ń gbọ́.

“Ẹ̀yin lẹ ni nọ́ńbà yìí? Nǹkan yín já lu páànù wa l'Abúlé Adó! Gbogbo wa ti sá jáde. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nǹkan ti bú gbàù ládùúgbò wa rí!”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ṣé ó ti fọ́?”

“Kí ló máa fọ́? Ohun tó le bíi búlọ́ọ̀kù!”

A wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá lọ. Obìnrin náà, Àǹtí Àmínát, gbé e lé Lois lọ́wọ́. Bátìrì ni. Bátìrì nìkan.

“Ìyókù ńkọ́, mà?”

“Ìyókù kẹ̀? Ẹ tún fẹ́ ju òmíràn ni?”

Lois kò lè rẹ́rìn-ín. Láìsí bátìrì, ọkọ̀ náà kò lè fò. Ó ti já síbi kan nìyẹn, bóyá sínú omi.

A padà sí pápá láti kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ti pe ìrun tán. Ajá kan kò gbó.

“Dádì,” ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ọ?”

Mo ń gbọ́ ọ. Ó ń kùn lókè orí wa.

Ó yọ nínú ọyẹ́. Ó yí wa po lẹ́ẹ̀kan. Ó bà sórí koríko bíi lékeléke. Kò fọ́ níbì kankan. Ojú ibi tí bátìrì ń gbé ṣí sílẹ̀, ó ṣófo. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣì ń yí.

“Pa á,” ni mo wí.

“Kí ni kí n pa, sà? Bátìrì nìyí lọ́wọ́ mi.”

Abẹ̀bẹ̀ ń yí. Koríko ń tẹ̀. Lois wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ kí àgbà.

“Ẹ ṣé o,” ó ní. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ ṣeun gan-an ni.”

Abẹ̀bẹ̀ náà dúró.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ẹnì kankan ní pápá náà. Mo bọ́ fìlà mi, èmi náà dọ̀bálẹ̀.