Ọkọ̀ Mildred Pòórá ní Èbúté Aníwúrà

Àgádágodo wà nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti já, afẹ́fẹ́ odò sì ń ti ilẹ̀kùn àgọ́ ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ìńsípẹ́kítọ̀ Nùrẹ́nì Àlàmú yọ orí wọlé. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri àgọ́ yíká, ó ga ju ènìyàn lọ, ó sì dí débi pé kò sí ojú tó lè gbà á kọjá. Nínú, omi dúdú ló wà láàárín òpó méjì. Ọkọ̀ ìgbòkun òyìnbó tí gbogbo Òkìtìpupa mọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ wá rí i báyìí?" Oyèkànmí ló ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ni àwọn ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ń kó èrò lọ sí Igbókòdá, òun ló sì ni èbúté tó tóbi jù nílùú. Òun náà ló sáré wá sí tésàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, kí àwọn ọlọ́pàá tó mu ẹ̀kọ. "Mo sọ fún yín! Ní ìdájí òní, ojú mi méjèèjì ló rí i. Wọ́n ti ta ìgbòkun rẹ̀, funfun báláú, ó ń lọ sísàlẹ̀ odò. Aníwúrà ti ta nǹkan olóhun!"

"Àgádágodo tó já yìí ńkọ́?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló já a, kí ẹ lè rò pé olè ni. Ìńsípẹ́kítọ̀, kò sí bí iná ṣe lè jó kó má rú èéfín."

Nùrẹ́nì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ̀rọ̀, wọn a máa fi ẹnu ara wọn kó bá ara wọn. Ó rìn yí àgọ́ náà po dé ẹnu ibi tí ọkọ̀ ń gbà jáde sí odò. Ewé òṣíbàtà ti bo ẹnu ọ̀nà náà láti etí kan dé èkejì, ewé lé ewé, ẹyẹ kékeré kan sì ń rìn lórí wọn bí ẹni pé ilẹ̀ ni. Nùrẹ́nì wo ẹyẹ náà títí, ó wá nu ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Mildred, tí irun rẹ̀ ti funfun, dá nìkan tu ọkọ̀ náà gba ojú ọ̀sà wọ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn dé pé àbúrò rẹ̀ ń ṣàìsàn nílé, ó sì di dandan kó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ. Ibo ni yóò fi ọkọ̀ sí, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, fún ìgbà tí kò mọ òpin rẹ̀? Ní Èkó, owó ìtọ́jú ọkọ̀ lè gbé ọkọ̀ mì, olè a sì tún gé okùn lé e lórí. Oyèkànmí tí ó lọ bá pe owó bí ẹni tó fẹ́ ta odò fún un. Aníwúrà nìkan ló sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Opó ni, púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a fi èéfín gbẹ, ló ń ṣe tà, èbúté kékeré tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sì ní. Owó imọ̀ tí yóò fi bo àgọ́ ló gbà. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ títí o ó fi dé."

Mildred ti ránṣẹ́ báyìí pé Ọjọ́bọ̀ lòun ń bọ̀. Ọ̀gá tésàn ti sọ fún Nùrẹ́nì pé kí òyìnbó náà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà látìmọ́lé, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹlòmíràn bí kò ṣe Aníwúrà. Bó bá wẹ̀wọ̀n, ta ni yóò gba èbúté rẹ̀ bí kò ṣe Oyèkànmí? Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n.

Nùrẹ́nì bá Aníwúrà nídìí iná. Púpurú rìbìtì-rìbìtì tò sórí àjà, èéfín ń lù wọ́n. Lẹ́yìn wọn ni ẹrù ńlá kan wà tí wọ́n fi okùn dì, èéfín ti pa òun náà láró. Dora, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ọlọ́pàá kì í kí ni kú iṣẹ́ lásán. Jókòó, ọmọ mi."

"Ọkọ̀ Mildred dà?"

"Ó wà níbi tí mo fi í sí."

"Ibo nìyẹn?"

"Mildred ni màá fi hàn."

"Ìyá, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

"Kó bá mi dákẹ́!" Aníwúrà yí púpurú kan padà bí ẹni pé kò sí ọlọ́pàá nínú ilé. "Mo ti ṣèlérí pé ọwọ́ mi ni nǹkan rẹ̀ yóò ti bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Bí mo bá fọ̀ fún ọ láàárọ̀ yìí, kó tó di alẹ́, gbogbo Òkìtìpupa ti gbọ́ ọ. Mi ò fọ̀."

"Wọ́n á tì yín mọ́lé o."

Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó na ọrùn ọwọ́ méjèèjì sí i. "Dora, máa bá mi yí púpurú yìí kó má baà jóná. Ó yá, ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ."

Inú bí Nùrẹ́nì. Lẹ́yìn náà ojú tì í díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí ìyá tirẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò ṣe. Kò fọwọ́ kan ọwọ́ Aníwúrà. Ó jáde.

Dora tẹ̀ lé e. "Ẹ má bínú sí màmá mi, sà. Oyèkànmí kì í jẹ́ kí a sinmi. Ó ní kí a gbé ọkọ̀ náà tà fún olówó kan ní Èkó, kí a sọ fún Mildred pé òjò ló gbé e lọ. Màmá mi da omi ẹ̀gẹ́ sí i lára."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní a máa rí i."

Ibi tí Aníwúrà ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ kò jìnnà sí àgọ́ ọkọ̀ náà. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni òórùn ti pàdé wọn. Òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ kò ṣàjèjì sí Nùrẹ́nì. Ní Erinje tí wọ́n bí i sí, òun ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe òórùn yẹn. Apẹ̀rẹ̀ kún inú omi, ọ̀kan lórí èkejì, ẹ̀gẹ́ inú wọn ti rà di ẹrọ̀fọ̀ funfun, ẹja sì ń já a jẹ.

"Ìgbà wo ni màmá rẹ rẹ ẹ̀gẹ́ yìí?"

Dora gbójú sókè wo òfurufú. "Mi ò rántí, sà."

Nùrẹ́nì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó padà sí tésàn, ọ̀gá rẹ̀ fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Mo ní kí o mú obìnrin yẹn wá!"

"Mi ò ní mú un, sà."

"Kí lo wí?"

"Kó di Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá ṣi ẹjọ́ yìí gbé, kí ẹ bọ́ aṣọ ìjọba lọ́rùn mi."

Nùrẹ́nì kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, èbúté Aníwúrà kún bí ọjọ́ ọjà. Mildred sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò kan léjìká, ó wo inú àgọ́ tó ṣófo, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ènìyàn. Oyèkànmí nìkan ni ojú rẹ̀ ń dán.

"Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí," Nùrẹ́nì wí, "ẹ tún ohun tí ẹ rí sọ, kí olóhun fi etí ara rẹ̀ gbọ́."

"Mo rí ọkọ̀ rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ajé, tó ń lọ sísàlẹ̀ odò. Ìgbòkun rẹ̀ funfun bí aṣọ ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ó dá yín lójú?"

"Ẹ gbé Bíbélì wá, màá búra."

Nùrẹ́nì ní kí Dora bá òun bi Mildred léèrè: ìgbòkun mélòó ló fi sílẹ̀? Ẹyọ kan ni. "Ó dáa. Dora, lọ gbé ẹrù tó wà lórí àjà wá."

Aníwúrà fò dìde. "Ta ló ní kí o máa wo àjà mi?"

"Ojú ló wò ó, ìyá, kì í ṣe èmi."

Wọ́n tú ẹrù náà. Ìgbòkun ni, àwọn òrùka rẹ̀ ṣì wà létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèpo púpurú. Mildred gbá a mọ́ra, ó ń wá ibi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ nígbà kan, ó sì rí i.

"Èkúté àti kòkòrò kì í bá èéfín ṣeré," Nùrẹ́nì wí. "Aṣọ yìí ti pẹ́ lókè iná. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni kò ti funfun mọ́."

Oyèkànmí fi ọwọ́ ti aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bóyá ìgbòkun mìíràn ni wọ́n ta sórí rẹ̀."

"Òṣíbàtà ńkọ́? Ó bo ẹnu ọ̀nà omi pátápátá, kò sí ewé kan tó ya. Ọkọ̀ kò gba ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé, kò gba ibẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá. Ẹ ò rí ọkọ̀ kankan lójú odò." Nùrẹ́nì sún mọ́ ọn. "Síbẹ̀, nígbà tí ẹ dé tésàn, ẹ mọ̀ pé àgọ́ yìí ṣófo. Ògiri rẹ̀ ga, ojú kò gbà á kọjá, a sì máa ń tì í pa. Ta ló lè mọ̀ pé ó ṣófo, bí kò ṣe ẹni tó já àgádágodo tó sì wọ ibẹ̀? Ọkọ̀ lẹ wá jí. Ẹ ò bá a. Ẹ wá rò ó pé Aníwúrà ti tà á ṣáájú yín, ẹ sì sáré wá fi í sùn kí a tó bi yín nípa àgádágodo."

Ojú Oyèkànmí yí padà, ṣùgbọ́n kò tẹríba.

"Mo já a, kí ló tún kù? Èmi Oyèkànmí, kí òyìnbó fi èbúté mi sílẹ̀ lọ bá oní-púpurú? Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni! Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀hún dà? Ẹ bi í! Ẹ bi òun náà!"

Wọ́n ti mú un lápá, kò dákẹ́. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ Aníwúrà.

"Ìyá," Nùrẹ́nì wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, "olóhun ti dé."

Aníwúrà wo Mildred. Ó wo àwọn èrò. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́dìí, ó wọ inú omi níbi tó ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ jíjẹrà sí etí odò. Àwọn ènìyàn di imú, wọ́n ń sá.

"Ẹni tó ń ṣe púpurú láti kékeré kì í gbàgbé ẹ̀gẹ́ sódò," Nùrẹ́nì wí. "Ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, ó ti tó. Ilẹ̀ wa níbí kò sì ní òkúta. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi nǹkan tẹ nǹkan mọ́ ìsàlẹ̀ omi, kí ni yóò lò tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí?"

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ tán, etí ọkọ̀ yọ nínú omi. Ọkọ̀ náà ló wà níbẹ̀, odindi, òpó ìgbòkun rẹ̀ tí wọ́n ti yọ dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sómi, wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Mildred kígbe. Kò sí ẹni tó nílò ògbufọ̀, ṣùgbọ́n Dora túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ẹ ri ọkọ̀ òun!"

"Mo rì í!" Aníwúrà dúró nínú omi dé ìbàdí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Èmi àti ìwọ Dora la jọ rì í nígbà tí gbogbo ìlú wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe sí tirẹ̀, kí oòrùn má baà là á, kí ojú olè má baà tó o. Sọ fún un kó wò ó bóyá ó sán níbìkan."

Mildred bọ́ bàtà, ó wọ inú omi tọ̀ wọ́n lọ. Ó fi ìka kan pákó ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí ibi tó sán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì sọ nǹkan kan sí Dora.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó tutù rinrin, Màmá."

"Sọ fún un pé ó ní kí n pa á mọ́," Aníwúrà wí. "Kò ní kí n má jẹ́ kó tutù."