Àgbá Bàbá Ottmar tí Kò Dún

Àárọ̀ Sátidé ni, ìrì ṣì wà lórí koríko. A ti to àgbá wa sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Oberwiesach, àwọn àgbá onírin kúkúrú tí àwọn bàbá ńlá wa fi sílẹ̀ fún wa, ẹnu wọn kọ sókè. Leni, ọmọ ọmọ Bàbá Ottmar tó jẹ́ àgbà ayìn-àgbá láàárín wa, ń ṣègbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí tọkọtìyàwó bá jáde, ìró ẹ̀tù lásán, tí kò ní ọta nínú, la máa fi kí wọn. Bá a ṣe ń ṣe é lábúlé wa nìyẹn.

Èmi Irmi ni ọ̀gá ìlà àwọn ayìn-àgbá. Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ náà ti ń sú mi. Tí mo bá ń ṣèkìlọ̀, ńṣe ni àwọn àgbààgbà ìlà wa máa ń mi orí, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ bíà wọn lọ.

"Ẹ fi nǹkan dí etí yín o," mo wí. "Tá a bá yìn ín pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kíní tán, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan àgbá. Ẹ jẹ́ kí èéfín lọ ná. Ẹni tí tiẹ̀ bá dún, kó nawọ́ sókè. Ẹni tí kò bá dá lójú, kó má nawọ́."

Bàbá Ottmar rẹ́rìn-ín. "Irmi, o tún ti bẹ̀rẹ̀. Ojú tó ti rí òkun, ṣé ọ̀sà ló máa wá bà á lẹ́rù? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ki ẹ̀tù."

"Mo mọ̀, Bàbá. Etí yín ńkọ́?"

"Etí mi máa ń gbọ́ ohun tó bá wù ú."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bàbá ò dí etí rẹ̀ rí, etí náà sì ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ.

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù, ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbé ọ̀pá mi sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Oníkálukú fi ọ̀pá gígùn tó ń jó lórí tiná bọ òwú àgbá tirẹ̀, ló bá dún gbì, gbì, gbì, ilẹ̀ mì tìtì.

Èéfín funfun bò wá mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń ká, ọwọ́ ń lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ottmar náà nawọ́. Àmọ́ ẹnu àgbá ni mo ń wò ní tèmi. Gbogbo àwọn yòókù ń rú èéfín, tiẹ̀ kò rú nǹkan kan. Kí n tó pè é, bàbá ti mú ìwo ẹ̀tù, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sórí àgbá.

"Bàbá! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Kò gbọ́. Mo sáré, mo di ẹ̀yìn ṣòkòtò awọ rẹ̀ mú, mo sì wọ́ ọ sẹ́yìn.

"Kí ló dé, obìnrin yìí? Ṣé o fẹ́ ṣẹ́ mi léegun ni? Jẹ́ n ki ìkejì, ìyàwó ń dúró!"

"Èkíní ò tíì jáde, Bàbá."

"Irọ́! Mo gbọ́ ọ."

"Ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ gbọ́. Ìrì ló mú òwú yín, ó lè ṣì máa jó lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀tù wà nínú ẹ̀, ẹ wá fẹ́ da òmíràn lé e?"

"Àgbá bàbá ńlá mi kì í kọ̀."

"Ìbọn ní apatí, kò ní apatí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun? Ẹ̀yin lẹ tún ń gbé ojú lé e lẹ́nu!"

Mò ń fà á, òun náà ń fà. Ẹnu ìyẹn la wà tí àgbá náà fi dún. Iná ta jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gba ibi tí orí bàbá wà lẹ́ẹ̀kan kọjá. Ìwo ẹ̀tù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló yìn ín?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó yìn ín, Bàbá."

Ó jókòó sórí koríko tútù. Èmi náà jókòó tì í.

Leni sáré dé, ó ká aṣọ ìyàwó rẹ̀ sókè lọ́wọ́ méjèèjì. "Bàbá àgbà! Tiyín nìkan ló dá dún gbẹ̀yìn! Gbogbo èèyàn ló pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan lẹ ṣe é fún, àbí?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú ọmọ náà mú.

"Leni, etí mi ò gbọ́ nǹkan mọ́. Ó ti pẹ́. Àgbá mi ò dún, mi ò sì mọ̀. Díẹ̀ ló kù kó o má rí ojú mi mọ́."

Ọmọ náà wò mí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀, ló bá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ fẹ́ràn àgbá àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́. Àgbá tí kò dún kì í ṣe àgbá tó kú. Ẹ jìnnà sí i, ẹ ní sùúrù dáadáa, ẹ má sì padà síbẹ̀ àfi tí ọ̀gá ìlà bá ní kí ẹ wá. Ariwo àgbá ẹlòmíì kì í ṣe ẹ̀rí pé tiyín dún. Ẹ má ki ẹ̀tù mìíràn láìjẹ́ pé ẹ ti rí i dájú pé inú rẹ̀ ṣófo, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sórí ẹnu àgbá láéláé. Ẹ máa gbé irin àtijọ́ náà lọ fún àyẹ̀wò ìjọba nígbà tó bá tó, ẹ máa dí etí yín. Bí etí bá ti ń kú, ẹ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bí ọ̀gá ìlà bá sì wọ́ yín sẹ́yìn lójú àwọn àna yín, ẹ má bá a jà. Ó sàn kó fa ṣòkòtò yín ya ju kó máa wá ìka yín kiri inú koríko.