Dókítà Tó Ń Ṣí Fèrèsé Méjì

Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni Verica dá bọ́ọ̀sì rẹ̀ dúró síwájú ilé ara rẹ̀, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, tó na ọwọ́ jáde láti gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ò gbé abọ́ kankan lọ́wọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló ká lérí.

"Wọ́n ti jí fóònù Tihomir gbé o!"

Kò sí èrò tó ń gba ọ̀nà yẹn nílùú Niš tí kò mọ fóònù náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Tihomir, ọkọ Verica, ti ń retí kíndìnrín tí wọ́n máa fi pààrọ̀ tirẹ̀ tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nọ́ńbà fóònù yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ní Belgrade, òfin wọn ò sì mọ ojú ẹnì kankan: tí wọ́n bá pè, tí wọn ò rí ẹni dáhùn láàárín wákàtí kan, kíndìnrín di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ fún Tihomir pé òun ló kàn. Láti ọjọ́ náà, orí ìrọ̀rí ni fóònù ń sùn, Tihomir ló sì ń sùn lẹ́bàá ibùsùn.

Verica ní tirẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di ènìyàn méjì. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí se oúnjẹ tí kò níyọ̀, kí aago mẹ́fà tó lù ó ti wà nídìí ọkọ̀. Ilé iṣẹ́ ò gbà kí awakọ̀ mú fóònù dání, ló bá bẹ ọ̀gá rẹ̀ títí tó fi fún un ní ọ̀nà tó gba iwájú ilé kọjá. Tó bá ti dé ibẹ̀, á tẹ fèrè ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ á juwọ́ sí i lójú fèrèsé, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ di ìgbà tó bá tún yípo dé. Àwọn èrò ti mọ̀ pé ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa fi dúró níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà kó fẹsẹ̀ rìn.

"Ta ló gbé e, Màmá?"

"Dókítà ni! Dókítà tòun tẹ̀wù funfun! Ó ní Belgrade ló rán òun wá wo ilé wa bóyá ó mọ́ tó. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí wọ́n á pe Tihomir, àmọ́ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé fóònù lọ fi sínú ìwé. Ó ní wákàtí kan lòun máa lò. Ó ti lo méjì!"

"Ṣé fóònù nìkan ló gbé?"

Ìyá wolẹ̀. "Mo bùn ún ní itan ẹlẹ́dẹ̀ yíyan kan. Àti ata ajvar ìgò mẹ́fà. Àti ọtí rakija tí bàbá Tihomir pọn. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n àwọn ní Belgrade fẹ́ràn irú ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Ta ní ń lọ bá dókítà lọ́wọ́ òfo? Ọkùnrin kan lẹ́yìn tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá rakija náà ti pẹ́ nínú àgbá.

"Àmọ́ mo mọ̀ pé olè ni," ìyá ní. "Kó tó jókòó ni mo ti mọ̀. Ó ṣí fèrèsé iwájú, ó tún kọjá lọ ṣí tẹ̀yìn!"

"Promaja!" Gbogbo bọ́ọ̀sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ tó bá gba fèrèsé kan wọlé tó gba òmíràn jáde ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló ń wọ́ ọrùn, òun ló ń fa eyín ríro àti ẹ̀yìn dídùn. Òun náà ló pa bàbá àgbà ìyá Tihomir, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

"Dókítà wo ló máa gbé aláìsàn sínú promaja?" ìyá béèrè. "Mo sọ fún Tihomir. Ó ní kí n panu mọ́, pé ọkùnrin náà kàwé."

Inú Verica ti dàrú, síbẹ̀ ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó ní kí ìyá sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì wa ọkọ̀ lọ, nítorí bọ́ọ̀sì ò lè dúró dè é kó sunkún.

Nídìíkọ̀, ó yá fóònù Màmá Dobrila, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wọ bọ́ọ̀sì kiri láàárọ̀ nítorí àtigbọ́ ìròyìn. Ó pe Belgrade.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti jí fóònù ọkọ mi. Ẹ bá wa kọ nọ́ńbà mìíràn sílẹ̀."

"Ẹni tó lorúkọ gbọ́dọ̀ wá fúnra ẹ̀," akọ̀wé ní, "pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n lu òǹtẹ̀."

"A lè dé bẹ̀ ní aago mẹ́ta."

"Aago méjì la ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì. Ó di ọjọ́ Ajé."

"Tí kíndìnrín bá dé ṣáájú ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Nọ́ńbà tó wà níwájú wa la máa pè." Ohùn obìnrin náà rọ̀. "Arábìnrin, ẹ bá mi wá fóònù yẹn o."

Verica wá pe nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Ó dún, ọkùnrin kan sì gbé e.

"Ta ni yẹn?"

"Èmi ni mo ni fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ, olè!"

"Dókítà ń ṣiṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Ẹ pè padà." Ó já a. Nígbà tí Verica tún pè, fóònù ti kú pátápátá.

Nígbà tó fi máa di aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, oòrùn ti mú débi pé ẹnu ò lè sọ ọ́. Níwájú ọjà, ọkùnrin sísanra kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Verica ò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà nu òógùn, ó ṣí fèrèsé apá ọ̀tún. Ó rékọjá, ó ṣí tòsì.

"Pa fèrèsé yẹn dé!"

"Ọrùn mi o!"

"Àbí o fẹ́ pa wá ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi," ọkùnrin náà dáhùn jẹ́jẹ́. "Afẹ́fẹ́ kì í pààyàn. Dókítà ni mí."

Verica gbójú sókè wo dígí. Màmá Dobrila náà ń wo inú dígí kan náà. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Verica ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó sì tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Ó kọjá ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, ó kọjá èkejì. Àwọn tó ń dúró níbẹ̀ ń ju ọwọ́, wọ́n ń ṣépè.

"Awakọ̀, mò ń bọ́lẹ̀!" ọkùnrin náà ké.

"Àgọ́ ọlọ́pàá ni gbogbo wa ti ń bọ́lẹ̀ lónìí!"

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ ilẹ̀kùn pàjáwìrì. Ó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Verica máa dúpẹ́ pé wọn ò tún un ṣe. Olè bá forí lé ojú fèrèsé tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Orí jáde, èjìká jáde, ikùn kọ̀. Ọkùnrin méjì dì í lẹ́sẹ̀ mú, Màmá Dobrila sì jókòó lé báàgì rẹ̀. Bó ṣe gba àárín ìlú kọjá nìyẹn, ìdajì rẹ̀ níta, ìdajì rẹ̀ nínú, àwọn ọmọ iléèwé ń juwọ́ sí i.

Gvozden, ọ̀gá ọlọ́pàá, jáde pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àgọ́. Wọ́n tú báàgì sórí tábìlì: ẹ̀wù funfun, ajvar, rakija, itan ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí fóònù.

"Orúkọ ẹ?"

"Dókítà Ognjen."

"Èyí tí ìyá ẹ sọ ẹ́?"

"Radiša."

"Fóònù dà?"

"Fóònù wo? Ẹ̀bùn làwọn nǹkan yìí. Ìyá náà fúnra ẹ̀ ló fún mi."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́!" Verica lu tábìlì. "Wọ́n lè máa pè wá báyìí!"

"Wò ó," Gvozden sọ fún Radiša, "tó o bá tún purọ́ kan, mà á gbé ẹ jókòó sáàárín fèrèsé méjì títí di ọjọ́ Ajé."

Radiša rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ọdún méjìlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Sweden. Nínú òtútù ni wọ́n ti ń ṣí fèrèsé níbẹ̀. Kò ní ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ó dáa." Gvozden dìde. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fáwọn èrò bọ́ọ̀sì kí wọ́n wọlé."

"Inú itan ẹlẹ́dẹ̀ ló wà!" Radiša ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí ilẹ̀kùn. "Mo la ẹran, mo fi nylon wé fóònù, mo tì í bọ inú ẹ̀."

Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìmí. Ilé mọ́kànlá ló ti jà lólè bẹ́ẹ̀. Yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de ẹ̀rọ ni ó máa ń lọ jókòó sí, á máa gbọ́ orúkọ, àdírẹ́sì, àti ẹni tí ìyá rẹ̀ mọ ata ajvar sè. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń sọ gbogbo ẹ̀ síta!" Verica ò dúró gbọ́. Ó ti fa fóònù jáde, ọ̀rá ń kán nídìí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé ìpè méjì ló ti sọnù nígbà tí fóònù kú. Belgrade ni méjèèjì. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àkọ́kọ́. Aago ara ògiri wà lórí méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ó pè wọ́n padà lójú ẹsẹ̀.

"Ìyàwó Tihomir ni mí."

"Arábìnrin! A ti gbọ́wọ́ lé nọ́ńbà ẹlòmíràn. Kíndìnrín ti wà. Kó má jẹ nǹkan kan, kó má mu nǹkan kan. Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Verica ń sunkún, ó ń mi orí, bí ẹni pé wọ́n lè rí i láti Belgrade. Gvozden ló gba fóònù, ló ní wọ́n ń bọ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Radiša ké láti orí àga. "Mo ní kí ọ̀sẹ̀ tó parí! Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọlọ́pàá kan fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rẹ́rìn-ín níwájú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n mú Radiša wọ inú àtìmọ́lé, níbi tí kò sí fèrèsé rárá.

Mọ́tò ọlọ́pàá ló gbé Verica. Wọ́n dúró gbé Tihomir, wọ́n kọjú sí ọ̀nà àríwá, fèrè ń ké. Níwájú àgọ́, Màmá Dobrila ti ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan bọ́ọ̀sì títí awakọ̀ mìíràn á fi dé.

Tihomir jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì sọ ọ́. Ẹ̀rù ń ba Verica náà. Fún ọdún mẹ́ta, kò jókòó nínú ọkọ̀ kankan tí kì í ṣe òun ló ń wà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wá bíréèkì kiri nílẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ rẹ̀ sí.

"Kó wọn wá síbí," ni Tihomir wí, ó sì gba ọwọ́ méjèèjì sórí itan rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ títí dé Belgrade.