Béèsì Inú Dátsùn Simeon

Nígbà tí Tòún dé láti Èkìtì, níbi tó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, láti ẹnu géètì ló ti gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń kọrin nínú mọ́tò Dátsùn tí wọ́n gbé sábẹ́ igi àgbọn, ohùn náà sì jinlẹ̀ débi pé ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ sálúbàtà rẹ̀. Tòún rẹ́rìn-ín, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó yọjú wo inú mọ́tò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ni Simeon, ọkọ rẹ̀, ti jáde sí i, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Ó kí i káàbọ̀, àmọ́ ohùn tó fi kí i rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó há, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ti bá fínra láti ọjọ́ pípẹ́.

Tòún bi í bóyá ó ti lọ kọrin sínú kásẹ́ẹ̀tì. Simeon ní rárá, dùùrù lásán ló wà nínú èyí tó ń dún yẹn, kò sí ẹni tó kọrin sí i. Béèsì tuntun tí Bọ̀sún ṣe sí mọ́tò ló ń mi ilẹ̀.

Tòún tún yọjú wo inú mọ́tò. "Bàbá Ṣadé," ó ní, "ohùn yín ni mo gbọ́."

Tíṣà ni Simeon, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòtún. Nínú ìjọ wọn ní Ẹgbẹ́dá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, torí òun ni òpó béèsì nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tó bá la ẹnu, àwọn ìyá àgbà á fọwọ́ lé àyà. Ọlátúnbọ̀sún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Bọ̀sún, wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì máa ń já lójijì. Ọ̀gbẹ́ni Akínlẹ́yẹ, olórí akọrin, a máa fi í sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, a ní kó rọra máa ṣe é. Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín, Bọ̀sún náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìlú kan náà ni òun àti Simeon ti wá. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń sùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Èkó, nígbà tí táífọ́ọ̀dù sì dá Bọ̀sún dùbúlẹ̀, Simeon ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ rédíò mọ́tò ni Bọ̀sún ń ṣe lẹ́bàá títì ní Ìdímù. Lọ́dún tí ìjọba ka àwọn èèyàn káàkiri Nàìjíríà ni Simeon ra Dátsùn náà. Mọ́tò dára, àmọ́ rédíò rẹ̀ ń han gooro bí agbọ́n tó há sínú agolo. Bọ̀sún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní rédíò kò ṣe nǹkan kan. Sípíkà ẹnu ilẹ̀kùn ló kéré jù. Wúfà, ìyẹn sípíkà ńlá, ló máa gbé béèsì jáde, wọ́n á kàn án sínú àpótí pákó, wọ́n á ti òwú sínú àpótí náà, wọ́n á gbé e sínú búùtù, wọ́n á sì fa wáyà iná rẹ̀ tààrà láti ara bátìrì.

"Àpótí yẹn gbọ́dọ̀ dí pinpin," ni Bọ̀sún wí. "Tí afẹ́fẹ́ bá fi lè rí ibì kan gbà jáde, béèsì á bá a lọ ni."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iṣẹ́ ń parí, ó ku kí wọ́n fi wúfà dí ojú ihò tí wọ́n dá sí àpótí náà, Bọ̀sún bi Simeon pé irú béèsì wo ló fẹ́. Simeon fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní bí tòun. Bọ̀sún kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó kúnlẹ̀, kó kọrin sínú ihò náà, kí òun lè fi díwọ̀n rẹ̀. Simeon kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu síbẹ̀, ó kọ ọ́. Òwú inú àpótí náà dúdú, ó tutù mọ́ ètè rẹ̀, ó sì ń rùn bí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Bó ṣe dákẹ́ báyìí, Bọ̀sún ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ihò náà, bí ẹni mú tata. Kò gbé ọwọ́ kúrò títí ó fi gbé wúfà lé e, tó sì dè é mọ́lẹ̀.

Béèsì náà dùn. Láti Ìgàndò dé Ìṣẹ̀rí-Olófin, àwọn èèyàn ń dúró wo mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀fun Simeon bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ó jẹ orógbó, kò gbọ́. Bọ̀sún fúnra rẹ̀ gbé oyin wá fún un, ó jókòó tì í títí ó fi lá a tán. Nígbà tó yá, Akínlẹ́yẹ ní kó lọ sinmi ná.

Nígbà tí Tòún wá sọ pé ohùn rẹ̀ lòun gbọ́ nínú mọ́tò, Simeon lọ ṣí búùtù. Ó fi ọwọ́ tọ wáyà láti ara bátìrì títí dé ẹ̀yìn àpótí. Wáyà náà kò dé inú àpótí. Wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀, wọ́n ká a jọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, kò kan nǹkan kan. Ó pa rédíò, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Awọ ojú wúfà ṣì ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àyà ẹni tó ń sùn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ìkórè. Àárín ìjọ ni Simeon jókòó sí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí béèsì máa dá kọ, Bọ̀sún jáde láti ìlà ẹ̀yìn, ó wá dúró níwájú, ó la ẹnu. Ohùn Simeon ló jáde. Bí Simeon ṣe máa ń fa "Olúwa" gùn díẹ̀, ó wà níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà fọwọ́ lé àyà. Tòún di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, kò sì wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Simeon bá Bọ̀sún lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

"Dá a padà fún mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ṣé mo fún ọ lọ́fun ni?" ni Bọ̀sún wí. "Mo bi ọ́ léèrè èyí tí o fẹ́, o ní tìẹ. Ìwọ lo fẹnu ara rẹ kọ ọ́ sí i."

Simeon rán an létí àìsàn ọjọ́sí. Bọ̀sún wolẹ̀. "Mi ò gbàgbé. O pọ̀n mí sẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti wà lẹ́yìn rẹ, Tíṣà. Nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi gbogbo, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà." Ó wá kìlọ̀ fún un pé tó bá fọ́ àpótí náà, ohùn yẹn á ṣègbé mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́.

Simeon délé, ó gbé àpótí náà jáde sábẹ́ igi àgbọn, ó mú àáké. Lójú tirẹ̀, kó ṣègbé sàn ju kó wà lọ́fun olè lọ. Tòún kò dá a dúró. Ó gbé àáké sókè.

"Simeon, sọ ọ́ sílẹ̀," ni ohùn kan wí láti inú àpótí. Ohùn ara rẹ̀ ni, ó tutù, ó jinlẹ̀. "Gbé mi lọ bá Bọ̀sún. Ó pẹ́ tó ti ń fẹ́ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ wà."

Tòún náà gbọ́ ọ. Ó bo ojú.

Àáké bọ́ lọ́wọ́ Simeon. Kó tó di pé oòrùn wọ̀, ó ti gbé àpótí náà dé Ìdímù. Ọwọ́ méjèèjì ni Bọ̀sún fi gbà á, bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tuntun. Simeon kò lóhùn tó lè fi gégùn-ún fún un.

Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ jù. Wọn kò lọ sí ìjọ Ẹgbẹ́dá mọ́, Tòún ló ń ṣáájú àdúrà nílé. Ìgbà kan ṣoṣo ni Simeon àti Bọ̀sún tún pàdé, ní ojú ọ̀nà Ìkòtún, lọ́sàn-án gangan. Simeon dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń pe ara wọn ní ìwọ, ohùn Simeon ti ẹnu Bọ̀sún jáde, ó kí i jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí:

"Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọjá."