Ó Gbà, Kò Gbọ́

Mo fi ẹ̀mí mi búra, kò sí irọ́ kankan nínú èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní Gbọ́láhàn ń bù mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yọ ti òní kúrò.

Ẹ mọ Ọláìtán, àgbẹ̀ kòkó ní Ìpáò yìí. Tí wọ́n bá ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá pariwo "Mo gba Ọlọ́run gbọ́," àwọn ará Òkè-Àkò, ìlú kejì wa, á ṣe Àmín láti ilé wọn.

Ọkùnrin yìí kan náà ló hú pèrègún ààlà oko nígbà tí àbúrò rẹ̀ Bọ́ládé kú. Ó gbin òmíràn síwájú, sínú oko olóògbé. Ogójì igi kòkó ló fi bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ Kíkẹ́lọmọ, opó Bọ́ládé. Pèrègún tó hú, ó jù ú sẹ́yìn ilé ìdáná.

Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Kò pé oṣù kan, ó rúwé. Ọláìtán gé e, ó yọ orí méje. Ó dáná sun ún, ó tún hù, ó ga ju òpó iná lọ. Ojú mi báyìí ló rí i.

Ìyẹn kọ́ lẹ̀rù. Tó bá wà lóko, tí oòrùn kan àtàrí, á máa gbọ́ àdá ẹni tó ń ṣán abẹ́ kòkó. Á gbọ́ ikọ́ Bọ́ládé. Tó bá yọjú, kò ní sí èèyàn. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ikọ́ yẹn ò lọ.

Ó gba ọ̀dọ̀ Adérẹ̀mí lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà.

"Bá mi gbàdúrà. Òkú ń dà mí láàmú."

"Ṣé Ọlọ́run ò tíì bá ọ sọ̀rọ̀ ààlà yẹn ni?"

"Ó bá mi sọ ọ́. Wọ́n ń wàásù lọ́wọ́, ọkàn mi ní kí n dá a padà. Mo ní kó fún mi ní àmì."

"Àmì tún kẹ̀? Ẹni tó ti sọ̀rọ̀ tán? Ọláìtán, o gbà, o ò gbọ́."

"Mo gbàgbọ́ jù ọ́ lọ, ìwọ tó ò ń sùn nínú ìwàásù."

"Mo ń sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí Jésù bá jí mi, mo máa ń dìde."

Ọláìtán bínú lọ. Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n dìde láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Ó ní, "Mo gba Ọlọ́run..." Ó há. "Gbọ́" ò jáde. "Mo gba, mo gba," bí ọ̀kadà tó kọ̀ tí ò sitáàtì. Ó wá gbọ́ ikọ́ yẹn lẹ́yìn ara rẹ̀ gan-an. Ó yíjú padà, kò sẹ́nì kankan lórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò dúró gbàdúrà mọ́. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ síwájú Kíkẹ́lọmọ. "Ìyàwó wa, mo jí ilẹ̀ yín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Jésù ti ń sọ fún mi."

"Ọkọ mi, ẹ dìde. Oko ni ká lọ."

Tòun ti agbádá ló fi hú pèrègún tó gbìn, tó sì dá ààlà padà. Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ kòkó. "Jésù, ẹ̀ṣẹ̀ mi lo kú fún. Mo ti gbọ́. Gbà mí." Láti ọjọ́ náà, oko dákẹ́ lọ́sàn-án.

Ìwọ tó ò ń gbọ́ mi, Jésù kú fún ọ, o sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló ní kó o ṣe tó o ṣì ń gbàdúrà lé lórí? Tí ẹnu bá gbà tí etí ò gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ronú pìwà dà lónìí, kó o dìde lọ ṣe é.

Ẹ ò wá rẹ́rìn-ín mọ́. Fọláhàn, ìwọ tó o jókòó síbẹ̀ yẹn, kí lò ń wò nílẹ̀?

Fọláhàn ò gbójú sókè tó fi lé mi lọ sílé: "Gbọ́láhàn, ó ti tó. Máa lọ ulé rẹ."

Àwọn yòókù náà ní, "Máa lọ ulé."