Ọwọ́ Tó Di Ọkàn Ọmọ Ẹṣin Mú

Létí Emőke, ọkàn ọmọ ẹṣin náà ń lù geere. Lójú ẹ̀rọ, nǹkan kan ń fún un pọ̀.

Emőke, ọ̀dọ́ dókítà ẹran, kúnlẹ̀ sórí koríko gbígbẹ nínú ilé ẹṣin Mama Borbála. Àná ni wọ́n bí ẹran náà, kò sì lè dìde mu ọmú. Emőke ti fá irun ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀, ó fi ìpara tútù pa á, ó sì gbé orí ẹ̀rọ sikáànì tó ń fi inú ara hàn lé e. Àwọn ìyẹ̀wù ọkàn rẹ̀ pé, kò sí èyí tó lábùkù. Ṣùgbọ́n òjìji dúdú yí ọkàn náà ká. Ó nu ẹ̀rọ, ó yí i sí ìhà kejì. Òjìji náà ní oríkèé.

Ìka ni. Márààrún pé.

"Kí lo rí, dókítà?" Mama Borbála bi í. "Bó bá máa kú, má fi pa mọ́ fún mi. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, kò lè bí òmíràn mọ́."

"Ta ló ń tọ́jú àwọn ẹṣin yìí tẹ́lẹ̀, Mama?"

"Gergely ọkọ mi tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ọkùnrin yẹn! Ó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. Mo máa ń ní, 'Kúkú lọ fẹ́ ẹ, kí n ráyè sinmi.'"

Emőke tún wo àwọn ìka náà. Kò sí ọmọ abúlé wọn tí kò mọ̀ ọ́n: bí baálé bá kú, ará ilé gbọ́dọ̀ lọ sọ fún àwọn ẹran. Bí wọn ò bá sọ, baálé á padà wá kó àwọn ẹran náà lọ.

"Ẹ sọ fún abo ẹṣin tó bí i?"

Mama Borbála wolẹ̀. "Ó lóyún nígbà yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí."

"Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́, Mama. Òun ló bá Baba ṣiṣẹ́ dọjọ́ ogbó."

Mama Borbála fẹnu sétí abo ẹṣin. "Gergely ti kú o. Èmi ni mo ni ọ́ báyìí."

Abo ẹṣin mí kanlẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, àwọn ìka bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àfi àtàǹpàkò. Ìyẹn tún rì wọlé sí i. Ọmọ ẹṣin ń gbọ̀n.

"Mo ṣáà ti sọ ọ́!"

"Ìyá lẹ sọ fún. Ta ló sọ fún ọmọ?"

"Ọmọ àná? Kí ló mọ̀?"

"Ṣé òun kì í ṣe ará ilé ni?" Inú bí Emőke. Kò dúró mọ́. Ó fẹnu sí etí kékeré ọmọ ẹṣin náà: "Baba ilé yìí ti kú. Má tẹ̀ lé e."

"Yéè! Ará ilé nìkan ló ń sọ ọ́! Àlejò tó bá sọ ọ́, òun ni baálé á mú!" Mama Borbála fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Àtàǹpàkò yọ. Ọmọ ẹṣin ta gìrì dìde, ó ta gẹ́gẹ́ lọ sídìí ọmú. Mama Borbála bú sẹ́kún ayọ̀.

Orí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ Emőke lásán, kò kan ara ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kójú ẹ̀rọ ṣófo. Ọkàn kan ṣì ń lù níbẹ̀. Ó tóbi ju ti ọmọ ẹṣin lọ, ó sì ń sáré. Emőke gbọ́ ìlù kan náà nínú àyà ara rẹ̀.

Ìka àkọ́kọ́ ti dé etí ọkàn náà.