Àwòrán Bàbá Káfíńtà

"Tẹ̀ ẹ́ jàre! Kí lò ń wò ó sí bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé ejò?"

Wáyà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Àbíkẹ́yìn. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn iná, wáyà kì í sì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ náà ti wá. Lójú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan dúró gbagidi: ṣé kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú dísíìkì yìí rẹ́?

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ìyá Àbíkẹ́yìn ni wọ́n wà. Màámi ti lọ ya àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan, kò sì ní í pẹ́ dé.

Ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà yìí ti di ìtìjú fún Àbíkẹ́yìn. Línúsì ló ń gbé e ṣiṣẹ́, ètò tí àwọn èèyàn káàkiri ayé pawọ́ pọ̀ kọ, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Wíńdósì tí wọ́n ń tà ni wọ́n ń lò nílé ìwé, òun náà ló wà nílé gbogbo ọmọ kíláàsì. Bí Àbíkẹ́yìn bá gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ dé, tí wọ́n ṣí i, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ á máa rìn gbéregbère bí ewúrẹ́ tó já okùn. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ti tún dé o!" Ìdánwò àṣefihàn lórí kọ̀ǹpútà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó ti bẹ Màámi títí. "Ní sùúrù, a ó rà á," ni Màámi máa ń wí. "Kí ọjọ́ náà tó dé, máa dúró fi ti ilé ìwé kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ohun tí apá wa kò tíì ká, a kì í jí i."

Wáyà ló wá gbé ọ̀nà ẹ̀bùrú dé: fíláàṣì kan tí Wíńdósì wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn kan ti já àgádágodo rẹ̀ kí wọ́n lè lò ó láìsanwó.

"Àwọn fọ́tò Màámi wá ńkọ́?" Àbíkẹ́yìn béèrè.

"Línúsì ni wọ́n ní kó kó jáde. Ta ló ń bá fọ́tò jà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Lójú tirẹ̀, Línúsì dà bí ayálégbé: tó bá kó ẹrù tirẹ̀ lọ, ilé àti dúkìá onílé yóò ṣì wà níbẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ kan nínú ọkàn rẹ̀ ní kó dúró. Ó mọ ohùn náà dáadáa. Ó sì tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni".

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí kọ̀ǹpútà tàn padà, ojú rẹ̀ mọ́ roro bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Inú rẹ̀ náà mọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ tuntun, kò sí ẹyọ fọ́tò kan.

Àbíkẹ́yìn káwọ́ lérí. "Wáyà, mo gbé! Fọ́tò Bàbá Káfíńtà!"

Káfíńtà àdúgbò ń bọ̀ wá gba fọ́tò bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀la ni wọn yóò sin bàbá. Màámi ló ya arúgbó náà ní oṣù tó kọjá, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ní àwọn kò ní irú rẹ̀ mìíràn. Màámi ti pa fọ́tò náà rẹ́ nínú kámẹ́rà kí àyè lè wà. Àpótí kékeré tí Màámi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó ń da ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí, sì ti bàjẹ́.

"Fara balẹ̀," ni Wáyà wí, ó ti ń wá fíláàṣì mìíràn nínú àpò rẹ̀. "Mo ní àwọn ètò kan tó ń wá nǹkan tó sọnù. Jẹ́ n dà wọ́n sínú rẹ̀. Tí èyí ò bá ṣiṣẹ́, ká da òmíràn. Tí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, sọ pé iná ló ṣẹ́jú. Ta ló máa pe iná lẹ́jọ́?"

Ohùn Màámi dún níta, ó ń kí aládùúgbò. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu Àbíkẹ́yìn, ó dùn, ó sì rọrùn. Wáyà ti na fíláàṣì sí kọ̀ǹpútà. Àbíkẹ́yìn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má dà á! Ó tó."

Màámi wọlé, kámẹ́rà lọ́rùn. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀.

"Màámi, mo ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Gbogbo fọ́tò ti lọ. Kì í ṣe iná, èmi ni."

Màámi kò pariwo. "Nígbà wo?"

"Ìsinsìnyí, mà."

"Ẹ ti da nǹkan mìíràn sí i lẹ́yìn ìyẹn?"

"Rárá, mà. Mo ní kí Wáyà dúró."

Ìyá náà fẹsẹ̀ méjì dé ara ògiri, ó yọ okùn iná kọ̀ǹpútà. "Olúwa ṣeun. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Ó mú fíláàṣì tirẹ̀ jáde láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Línúsì ló wà nínú rẹ̀, tó lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láì kọ ohunkóhun sórí dísíìkì, pẹ̀lú ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń ṣa ohun tó sọnù. "Ohun tí a pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀," ó wí. "Àmì tó júwe ọ̀nà rẹ̀ ló lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi wá jókòó lé e lórí. Ká ní ẹ da ètò lé ètò láti fi bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti sin bàbá yẹn ṣáájú ọ̀la."

Bẹ́ẹ̀ ni Káfíńtà yọ lẹ́nu ọ̀nà, férémù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláwòrán. Ṣé ó ti délẹ̀?"

"Ẹ jókòó, Káfíńtà. Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ."

Àbíkẹ́yìn sọ ọ́ tán, omijé ń bọ́. Káfíńtà ń fi àtàǹpàkò pa igi férémù náà. Ó ní, "Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín, ṣé o mọ̀? Ìyá rẹ nìkan ló rí i pa lẹ́rìn-ín."

Màámi dá okùn iná padà, ó ki fíláàṣì rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà, ó sì tàn án. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìní orúkọ, láìtò: bàtà ìyàwó, ẹnu ọmọ tí kò léyín, òjò lójú fèrèsé. Màámi ń kọ orin ìyìn jẹ́jẹ́. Àbíkẹ́yìn ń gbàdúrà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú.

Lójijì, arúgbó kan rẹ́rìn-ín sí wọn.

"Bàbá!" Káfíńtà pariwo, bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló padà. Ibi tí Wíńdósì tuntun jókòó sí gẹ́lẹ́ ni fọ́tò ìgbà èwe Àbíkẹ́yìn wà, láti ìgbà tó ti ń rá. Màámi wá a títí, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

"Ẹ má bínú, mà," ni Wáyà wí. "Àṣé Wíńdósì burú tó báyìí?"

"Wíńdósì kò burú, ọmọ mi. Ẹni tó rà á, kó lò ó ní àlàáfíà. Línúsì náà ní àléébù tirẹ̀, ṣebí òun ló ń da lẹ́tà ọmọ mi láàmú. Ṣùgbọ́n àwọn kan fún wa ní tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá lọ jí ti ẹni tó ń tà. Ìyẹn ni n kò fẹ́ lábẹ́ òrùlé mi."

Ó gbé kámẹ́rà. "Àbíkẹ́yìn, lọ jókòó síwájú aṣọ funfun."

"Màámi, ojú mi ti wú."

"Jẹ́ kó wú. Fọ́tò àkọ́kọ́ nìyí láti rọ́pò àwọn tó lọ. Bí o ṣe rí lọ́jọ́ tí o sọ òótọ́ ni mo fẹ́ rí."

Láti ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Àbíkẹ́yìn ti ń dúró lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tó ń fi kọ̀ǹpútà ilé ìwé kọ́ṣẹ́. Ó sì yege nínú ìdánwò náà. Fọ́tò olójú wíwú náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù títí di òní. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi Àbíkẹ́yìn léèrè nípa rẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ fún wọn: ohùn tó ní kó o dúró, gbọ́ tirẹ̀. Bí o bá sì ti ṣìṣe, tètè jẹ́wọ́, nítorí ohun tó bàjẹ́ ṣì lè ní àtúnṣe, àfi tí a bá ń kó irọ́ jọ lé e lórí.